Ilẹ̀ Ọjà Kì Í Ṣe Ọ̀fẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, àti gbogbo ẹ̀yin aṣòfin 26,

Ẹ̀yin àgbà ìlú, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú wàhálà. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo níbí. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí mi sí, ẹlẹ́lùbọ́ sì ni màámi. Mi ò kọ lẹ́tà yìí torí òṣèlú, mi ò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe. Gbólóhùn kan ló gbé mi dìde. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wó ọjà àtijọ́, tàbí kí wọ́n gé pápá ilé ìwé, tàbí kí wọ́n gbé ọgbà ilé ìjọba tó ti gbó fún olùdókòwò kó lọ tún un kọ́, gbólóhùn yẹn ni wọ́n máa fi ń polówó iṣẹ́ náà: "Kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀ kan."

Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jà. Mo tiẹ̀ ti gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí nígbà ìkéde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, èmi náà sì ti pàtẹ́wọ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ lójú yín pé kì í ṣe òótọ́. Ìjọba ná nǹkan. Ilẹ̀ ni ìjọba ná, ilẹ̀ ọ̀hún kì í sì í ṣe ti ìjọba.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi aránṣọ. Abala kìíní rẹ̀ fa gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé Gómìnà lọ́wọ́, àmọ́ kò fi í fún un bí ìgbà tí bàbá bá pín ogún fún ọmọ. Ó ní kó máa tọ́jú rẹ̀ fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Bí mo bá gbé ẹrù mi sọ́dọ̀ yín pé kí ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, tí ẹ wá gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ ò lè sọ fún mi pé kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ò ná an lóòótọ́. Èmi ni mo ná an.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ìdí àtẹ màámi.

Ọjà kan wà nínú ìlú yìí tí mi ò ní dárúkọ, torí kì í ṣe ìjà ẹnìkan ni mo wá jà. Ibẹ̀ ni màámi ti ta èlùbọ́ fún ọdún 22. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, èmi ni mo máa ń jókòó ti àtẹ pẹ̀lú wọn. Kí n má baà sá lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbé abọ́ méjì síwájú mi, wọ́n á bu ẹ̀wà sínú ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọjá níwájú àtẹ, ìbáà rà, ìbáà má rà, kí n mú ẹyọ ẹ̀wà kan láti abọ́ ọ̀tún sí abọ́ òsì. Kí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, abọ́ ọ̀tún á ti gbẹ. Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ṣé o rí i báyìí? Ẹsẹ̀ èèyàn ni wọ́n ń pè lọ́jà. Kì í ṣe páànù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi nígbà náà.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọjà ọ̀hún dára. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Bí òjò bá rọ̀, omi á gba àárín ìsọ̀ kọjá bí odò kékeré, èlùbọ́ tó bá wà nílẹ̀ á rin. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á di imú. Nígbà tí ìròyìn kọ́kọ́ dé pé wọ́n fẹ́ tún un kọ́, ijó ni àwọn ìyá wa jó. Ìyálọ́jà pàápàá pín obì.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn ìsọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wọn. Kí ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀hún tó pé dáadáa, katakátá ti dé ní kùtù hàì. Ohun tí màámi rí kó wálé ò ju pákó ilẹ̀kùn ìsọ̀ wọn lọ, kóńgò méjì tí wọ́n fi ń wọn èlùbọ́, àti agolo Bournvita kan tí wọ́n fi ọ̀rá dé lórí. Nínú agolo yẹn ni tíkẹ́ẹ̀tì owó ìsọ̀ ọdún 22 wà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a dà wọ́n sórí ẹní, a ń tò wọ́n ní ọdọọdún. Àwọn tó pẹ́ jù ti ṣí, o ò lè dá òǹkà ara wọn mọ̀ mọ́. Rọ́bà tí wọ́n fi di àwọn kan ti yọ́ mọ́ ìwé, ọwọ́ ni màámi fi ń há a kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń bó èèpo ọgbẹ́. Kò sí oṣù tí wọn ò san.

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ bá òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú. Ọkùnrin náà ò yájú sí wọn, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Ó dìde fún wọn, ó fún wọn ní àga. Ó wá ní, "Màmá, ẹ ò ní ilé níbẹ̀. Ìsọ̀ ìjọba lẹ wà. Òfin ò mọ̀ yín."

Mo bínú sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo wá ka òfin fúnra mi, mo rí i pé kò purọ́. Abala 29 òfin ilẹ̀ yẹn ló sọ ohun tí wọ́n máa san bí ìjọba bá gba ilẹ̀ padà: owó ilé tó wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti ògbólógbòó rẹ̀ kúrò, àti owó ohun ọ̀gbìn. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn ò san ju iye owó ilẹ̀ tó o san ní ọdún yẹn lọ. Ẹni tó ń san owó ìsọ̀ lóṣooṣù, tí kì í ṣe òun ló kọ́ ilé ibẹ̀, òfin ò ka ohunkóhun fún un. Ọdún 22 tó fi pe oníbàárà síbẹ̀ ò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Ilé tuntun dé. Alájà méjì ni, táìlì ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, ó rẹwà. Owó tí wọ́n pè fún ṣọ́ọ̀bù kan ju èrè èlùbọ́ ọdún mẹ́wàá lọ, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì fẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Abẹ́ agboòrùn ni màámi wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọjà tuntun ọ̀hún, níbi tí àwọn tó ń lé ọlọ́jà ẹ̀bá títì ti ń lé wọn kiri. Bí ẹ bá gbójú sókè láti ibi tí wọ́n jókòó sí, ẹ máa rí àjà òkè. Títì pa ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ibẹ̀ wà, eruku ti bo àgádágodo wọn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ abọ́ ẹ̀wà ti wá yé mi. Kí ni olùdókòwò gbé wá sínú àdéhùn yẹn? Ó gbé símẹ́ǹtì wá, ó gbé irin àti táìlì wá, ó yá owó ní báńkì. Nǹkan gidi ni, mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé á gbà láti gbé ilé kan náà lọ sínú igbó lójú ọ̀nà Ìkìrun? Kò ní gbà. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ èèyàn ò sí níbẹ̀. Ta ló wá kó ẹsẹ̀ èèyàn jọ sí ojú ọjà? Àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ wọn ni, pẹ̀lú títì tí owó orí wa fi ṣe, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń já èrò síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe ti ọjà kankan. Ká ní ṣọ́ọ̀bù 200 ni wọ́n kọ́, tí wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦6 mílíọ̀nù. Bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 200 náírà nìyẹn. Ká ní ilé náà, pẹ̀lú èlé báńkì, gba ₦800 mílíọ̀nù. Ká wá ní inú igbó ló kọ́ ọ sí, kò ní rí ju ₦3 mílíọ̀nù lọ lórí ṣọ́ọ̀bù kan, ìyẹn ₦600 mílíọ̀nù lápapọ̀, gbèsè ló máa jẹ. Ilé kan náà ni, símẹ́ǹtì kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ ₦600 mílíọ̀nù, ojú ibi tí ilé wà nìkan ló sì mú un wá. Ìpín tí ìlú gbé sílẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá wá fún ìjọba ní ṣọ́ọ̀bù 20, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n gé tẹ́ẹ̀pù, ₦120 mílíọ̀nù ló padà sọ́dọ̀ wa nínú ₦600 mílíọ̀nù tí a gbé sílẹ̀. Ìyókù ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn gidi wà o. Símẹ́ǹtì ń gbówó lórí lójoojúmọ́, èlé báńkì ń jẹ èèyàn léegun, ẹni tó bá fi owó rẹ̀ sínú ewu yẹ kó jèrè. Mi ò ní kó má jèrè. Ohun tí mò ń sọ ni pé a ò tíì fojú kan ìṣirò ọ̀hún rí. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ohun ìní rẹ̀ ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò ní rántí béèrè èrè rẹ̀.

Ẹ wo Tẹ̀júoṣó ní Yábàá, l'Ékòó. Iná jó ọjà yẹn ní ìparí 2007. Ìjọba àti olùdókòwò jọ wọ àdéhùn, wọ́n ṣí ọjà tuntun ní 2014, ilé ńlá tó kún ojú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kí iná tó sọ ò lè san owó ṣọ́ọ̀bù tuntun, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì wà lófìfo fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí i, nígbà tí ẹ̀bá títì Yábàá ń kún fọ́fọ́. Ẹsẹ̀ èèyàn ò tẹ̀lé táìlì. Ní ti Máròkó, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù l'Ékòó tí ìjọba wó ní oṣù Keje 1990, tí wọ́n lé nǹkan bí 300,000 èèyàn kúrò níbẹ̀, ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ lágbègbè yẹn lónìí.

Ṣùgbọ́n kí ni mò ń lọ sí Èkó ṣe? Àdéhùn ilẹ̀ tó dáa jù lọ tí mo mọ̀, Òṣogbo níbí ni wọ́n ti ṣe é. Mùsùlùmí ni mí, mi ò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ìtàn ìlú mi ni mò ń sọ. Nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ tẹ̀ dó sétí odò, tí igi tí wọ́n gé wó sínú omi, ohùn kan dún láti inú ibú pé, "Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Aláró ni Ọ̀ṣun, wọ́n ti ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ láàárín ìlú yìí àti ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni ẹjọ́ ẹni tí wọ́n ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Wọn ò sọ fún un pé òfin ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n sún sókè díẹ̀ kúrò létí odò, wọ́n sún. Ó ní òun á dáàbò bo ìlú, àwọn ní àwọn á máa rúbọ lọ́dọọdún. Láróòyè tẹ́wọ́, ẹja bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìyẹn ni oyè ọba wa, Àtáọ́ja, títí dòní: Atẹ́wọ́gbẹja.

Kò sí ọmọdé Òṣogbo tí kò mọ ohun tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣèlérí. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹjọ, Arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ Ọ̀ṣun, máa ń gbé igbá gba àárín ìlú kọjá lójú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò mọ̀ pé wọ́n ti san ti ọdún yìí. Àdéhùn tí wọ́n ṣe fún ọjà ní àná, ta ló mọ ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀?

Igbó Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pẹja nínú odò. Ẹni tó bá fi ojú owó wò ó nígbà yẹn á ní ilẹ̀ tó kàn wà lásán ni. Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, oníṣọ̀nà ọmọ ilẹ̀ Austria, àti àwọn oníṣọ̀nà ọmọ ìlú tó bá a ṣiṣẹ́, ló dúró tì í. Ìjọba kéde apá kan rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀ sínú ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ sọ fún mi, olùdókòwò wo ló lè san owó hẹ́kítà 75 yẹn lónìí?

Mo mọ̀ pé òfin wà tó ti ń gbèjà wa. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ là á mọ́lẹ̀ pé ìjọba ò gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ ẹnìkan ní orúkọ àǹfààní ìlú, kó wá gbé e fún ẹlòmíràn fún àǹfààní ara rẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ onílẹ̀ ni ìyẹn ń sọ. Ilẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀, bí ọjà àti gáréèjì, ibẹ̀ ni àlàfo wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fi ọjà àti ibùdókọ̀ sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá ló pín ìlú yìí láàárín ara wọn. Ọjà tí ìbílẹ̀ ń bójú tó ò yẹ kó di ohun tí a kàn máa gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Wọ́n á ní kí a béèrè. Lóòótọ́, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti wà láti 2011, ọjọ́ méje ló fún ilé iṣẹ́ ìjọba láti dáhùn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì ti sọ ní 2025 pé ó de ìpínlẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́lùbọ́ wo ló fẹ́ pa àtẹ tì, kó máa lọ wá lọ́yà, kó tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ibi tó jókòó sí ṣe?

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣòfin wa, òfin kan ni mo wá bẹ̀ yín fún. Kó kúrú, kó ṣeé kà. Kó sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé tó gbé ilẹ̀ ọjà, ilẹ̀ gáréèjì, ilẹ̀ ilé ìwé tàbí ilẹ̀ ilé ìjọba fún olùdókòwò, àfi tí ìwé náà bá ti wà lójú táyé fún 60 ọjọ́. Odindi ìwé náà ni o. Kì í ṣe ṣókí rẹ̀, kì í ṣe àwòrán aláràbarà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà gan-an, níbi tí ọ̀rọ̀ kàn. Kó hàn níbẹ̀ ta ló ni ilé iṣẹ́ náà, iye ọdún tí ilẹ̀ máa fi wà lọ́wọ́ wọn, àti ohun tí ìlú máa gbà lọ́dọọdún. Kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ dídíyelé ilẹ̀, tí kì í jẹun lọ́dọ̀ olùdókòwò, kọ iye tí ojú ibẹ̀ tó sílẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú.

Mo ti gbọ́ àwíjàre pé bí ẹ bá gbé ìwé síta, olùdókòwò á sá. Báńkì tó yá a lówó ńkọ́? Ṣebí ó gbé gbogbo ìwé síwájú báńkì, tí wọ́n ka ìlà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n béèrè tibi tire, kò sì sá. Ẹni tó yá a lówó rí ìwé, ẹni tó ni ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ rí i?

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì di ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni tó bá lè fi hàn pé òun ti ń san owó ìsọ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kí katakátá tó dé, kí ààyè rẹ̀ sì wà fún un bí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san owó gan-an ló ń lé àwọn ìyá wa jáde. Ojoojúmọ́ ni ajé ọjà ń wọlé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá àjọ. Obìnrin tí kò lè kó mílíọ̀nù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè san owó kan náà díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láìjẹ gbèsè ọjọ́ kan. Agolo Bournvita yẹn jẹ́rìí sí i. Alájọ mọ èyí, Ìyálọ́jà mọ̀ ọ́n. Kí òfin náà mọ̀ ọ́n.

Bí ọdún mẹ́ta bá sì kọjá tí olùdókòwò ò tíì kọ́ nǹkan kan, kí ilẹ̀ padà. Mi ò ní fà á gùn.

Bí ẹ bá gbà láti gbọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pe ìpàdé ìtagbangba náà sí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí ọjà ń ná lọ́wọ́. Ẹ wá sí Ọjà Ọba ní ìrọ̀lẹ́, níwájú ààfin, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ẹ mú àga tiyín wá, torí inú àtẹ ni àwa máa ń jókòó. Màámi ti sọ pé àwọn á wá. Mo ti nu agolo ọ̀hún, mo ti fi rọ́bà tuntun di tíkẹ́ẹ̀tì ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sì gbé e síwájú yín kí ẹ kà á.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Aránṣọ, ọmọ ẹlẹ́lùbọ́,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo.